Ẹni Tó Wà Lábẹ́ Omi Kì í Jáde Wá Kí Àlejò

Bí ẹnikẹ́ni bá kí mi láti ọwọ́ òsì tí n kò dáhùn, kó má bínú. N kò gbọ́ ni. Mo ti sọ ọ́ ládùúgbò wa l'Ọ̀yọ́ títí ẹnu fi bó mi, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹnìkan má lọ ròyìn pé ìgbéraga ti wọ̀ mí lẹ́wù. Etí òsì mi ti kú láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún. Ìkíni ló sì pa á. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ náà á fúyẹ́ díẹ̀ lára mi.

Iṣẹ́ mi nígbà náà, ọdún díẹ̀ ṣáájú 1990, ni kí n máa wọ inú omi. Kì í ṣe odò tí èèyàn ń lọ wẹ̀ ni mo ń sọ, adágún tí wọ́n sé fún omi ẹ̀rọ ni. Kọngílá kan ló gbà mí síṣẹ́, Alága ni gbogbo wa ń pè é. Bí koríko omi àti ọ̀rá bá ti dí asẹ́ irin tó wà nísàlẹ̀ adágún, níbi tí páìpù ti ń fa omi, ẹ̀rọ á gbẹ nílé onílé, wọn á ránṣẹ́ sí Alága, Alága á sì ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n apá Ògbómọ̀ṣọ́ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Èkó ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ òyìnbó kan tó ń tún ìdí ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín rí lójú mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló máa ń sọ fún wa láràárọ̀: má ṣe sé èémí, má ṣe kánjú, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán ọ lójú.

Alága ra aṣọ kan fún mi ní àlòkù ní Àpápá. Aṣọ rọ́bà dúdú ni, ó bo èèyàn láti ọrùn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, omi kì í sì í wọ̀ ọ́. Wọ́n ṣe é fún ìlú tí omi ti ń dì. Èmi ni mo wá ń wọ̀ ọ́ lóṣù kẹta, nínú oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́, kí n tó dé etí omi òógùn á ti kún bàtà mi. Àwọn èèyàn á wá máa bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ ni pé ara kì í tutù nínú aṣọ yìí?" Ó ń tutù o, omi ara mi ló ń rin mí. Kí n má purọ́, Alága ní ìdí tó fi rà á, nítorí omi adágún yẹn máa ń mú kí ọmọ tó bá wẹ̀ nínú rẹ̀ máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún kejì, rọ́bà ọrùn rẹ̀ ya. Kàkà kí Alága wá òmíràn, ó gbé aṣọ náà tọ fọkanáísà lọ ní Takie n'Ógbómọ̀ṣọ́, ìyẹn sì fi rọ́bà inú táyà lẹ ọrùn tuntun mọ́ ọn. Inú bí mi. Ọrùn náà fún débi pé ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ síta lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Alága wò mí, ó ní, "Omi wọlé?" Mo ní kò wọlé. Ó ní, "Ó parí."

Àwọn èèyàn rò pé omi ni ìṣòro ẹni tó wọ aṣọ yẹn. Afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ wà láàárín ara àti rọ́bà, bí o bá sì ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni omi á máa tẹ̀ ẹ́ pọ̀, aṣọ á máa fún ọ, ìwọ náà á máa wúwo sí i. Fáàfù kan, ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́, wà láyà tí o lè tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọlé láti inú sílíńdà afẹ́fẹ́ tí ò ń mí, tó wà lẹ́yìn rẹ. Díẹ̀ ni mo wí, bí ìgbà tí èèyàn ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Nígbà tí o bá ń padà bọ̀ lókè, afẹ́fẹ́ kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí o kò bá tètè tú u jáde á máa gbé ọ, bó ṣe ń gbé ọ ni á máa wú sí i, bó ṣe ń wú sí i ni eré rẹ̀ á máa pọ̀. Ẹ ti rí ọmọdé tó ri bọ́ọ̀lù mọ́ inú omi báàfù tó wá já ọwọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Fáàfù tó ń tú afẹ́fẹ́ jáde wà ní apá òsì, lókè ìgúnpá, o sì ní láti gbé apá náà ga kí afẹ́fẹ́ tó ríbi gbà. Ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ ga ju orí lọ, torí bí afẹ́fẹ́ bá ti sá lọ sínú bàtà, kò sí fáàfù níbẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni èèyàn ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń tẹnu rẹ jáde tó ń hó lọ sókè, òun ni kó ṣáájú, kí o máa tẹ̀lé e. O kò sì gbọdọ̀ sé èémí, nítorí èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ń wú bíi ti inú aṣọ, ẹ̀dọ̀fóró kò sì ní fáàfù ju ẹnu lọ. Bí mo bá ti de bẹ́líìtì òjé mọ́dìí, tí mo sọ̀ kalẹ̀, tí mo tẹ fáàfù lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, mo máa ń dé ibi kan tí n kì í lọ sókè tí n kì í sì í lọ sílẹ̀. Ara mi á rọ̀ pẹ̀sẹ̀ níwájú asẹ́ irin náà, ọwọ́ mi á sì ráyè ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ràn ibẹ̀. Kò sí ẹni tó lè pè mí níbẹ̀.

Ohun tí mo rò nìyẹn, kí Alága tó fún mi ní Bàbá.

Bàbá, bí gbogbo wa ṣe ń pè é, ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òun ló ń di okùn tí wọ́n so mọ́ mi mú létí omi. Kó tó dọ́dọ̀ wa, ó ti fi ọgbọ̀n ọdún di okùn mú fún àwọn agbẹ́kànga l'Ọ̀yọ́, ẹnikẹ́ni kò sì kú sí i lọ́wọ́ rí. Ó máa ń fi èyí yangàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú kànga, bí ilẹ̀ bá fẹ́ ya lu èèyàn, yíyára lokùn fi ń gbani là. Wọn á fà á, wọn á fà á, títí orí fi máa yọ. Ohun tí mo ń bẹ Bàbá pé kó ṣe, òdìkejì èyí ni. Mo ní bí mo bá ti ń bọ̀, kó kàn máa ká okùn tó bá dẹ̀. Mo ní bí òun bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ó ń bi mí bóyá mo wà dáadáa nìyẹn, èmi náà á fà á lẹ́ẹ̀kan láti dáhùn. Àfi bí mo bá ń fà á láìdúró nìkan ni kó tó fà mí jáde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fi eré fà mí, ẹ lè pa mí."

"Èmi? Mo ti fa ẹni tó wúwo jù ọ́ lọ."

"Kì í ṣe wíwúwo, Bàbá. Afẹ́fẹ́ inú aṣọ ló ń wú. Kò sí irú ẹ̀ nínú kànga."

"Kò sí afẹ́fẹ́ nínú kànga? Kí lo rò pé wọ́n ń mí níbẹ̀?"

Mo gbé òjé mi, mo wọ omi lọ.

Ọ̀rọ̀ ìkíni wá dé. Àwọn agbẹ́kànga ní àṣà kan. Ẹni tó bá ń kọjá á ní ẹ kú iṣẹ́, ẹni tó wà lókè á nawọ́ ìkíni náà sí ẹni tó wà nínú kànga, ìyẹn á sì dáhùn láti ìsàlẹ̀. Àṣà tó dára ni, ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni ìsàlẹ̀ ṣì ń mí. Bàbá gbé e wá sí adágún. Ọ̀nà oko gba etí omi náà kọjá, ọ̀nà tí àwọn obìnrin tó ń kiri wàrà gbà lọ sí Sábó sì ni pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti ní "Ẹ kú iṣẹ́ o," Bàbá á ní, "A dúpẹ́ o. Ọmọ mi wà nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ n jíṣẹ́ yín fún un." Á sì fa okùn.

Ẹ fojú inú wo èmi nísàlẹ̀. Mo ti wá ibi tí ara mi rọ̀ sí, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì mọ́ koríko tó lọ́ mọ́ irin, okùn á sì gbé mi sókè. Afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, màá ju koríko sílẹ̀, màá gbé apá òsì, màá tú afẹ́fẹ́, màá rì ju bó ṣe yẹ lọ, màá tún tẹ fáàfù àyà. Màá fa okùn láti fi dáhùn pé mo wà dáadáa. Kí n tó padà dé ìdí irin, ìyá oníwàrà míì á ti dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló fi okùn kí mi. Sílíńdà tó yẹ kí n fi ṣe iṣẹ́ tán, ìkíni ni mo fi dáhùn.

Mo jáde, mo ní, "Bàbá, kí ni mo ṣe fún yín?"

Ó ní, "Wọ́n kí ọ. Kí n má jíṣẹ́ ni?"

A jọ fi ọ̀rọ̀ tì sí ibì kan níkẹyìn. Kó máa kó ìkíni jọ, kó jíṣẹ́ gbogbo rẹ̀ nígbà tí mo bá jáde. Ó gbà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jáde tí rọ́bà táyà ń fún mi lọ́rùn, n kò ní ráyè bọ́ bẹ́líìtì kí Bàbá tó bẹ̀rẹ̀: bíríkìlà kan kí ọ, ìyàwó tó pọn ọmọ kí ọ, ọkùnrin tó ní ajá, èmi ò mọ̀ ọ́n, òun náà ní kí n kí ọ. Màá dúró síbẹ̀, màá máa dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fara mọ́ ọn. Mo rò pé a ti bọ́.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, Iléyá kù bí ọjọ́ mẹ́rin, omi ẹ̀rọ kò sì tíì yọ ládùúgbò kan n'Ógbómọ̀ṣọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀fìnkìn ń dà mí láàmú. Ẹni tó bá ní ọ̀fìnkìn kò gbọdọ̀ wọ omi, nítorí ihò tó so imú mọ́ etí á ti wú, afẹ́fẹ́ tó bá gba ibẹ̀ wọlé lè má ráyè jáde mọ́. Òyìnbó Èkó ti wí i. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Alága ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì gbà kí wọ́n kán mi lójú. Èyí tí mo jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, n kò sì fi pamọ́. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni mò ń di imú mú tí mò ń fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́ kí etí lè ṣí. Ọ̀tún ṣí, òsì ṣe agídí, nígbà tó yá òun náà ṣí. Mo dé ìdí asẹ́, nǹkan bíi mítà mẹ́jọ sísàlẹ̀. Mo ti kó ju ìdajì koríko náà kúrò.

Okùn le gan-an lójijì. Kì í ṣe ìkíni. Fífà ni, fífà ti agbẹ́kànga, ọwọ́ lórí ọwọ́, láìsinmi.

Mo bọ́ sẹ́yìn. Okùn gba orí apá òsì mi, ó sì dè é mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, apá tí fáàfù wà lórí rẹ̀ gan-an. Mo gbìyànjú láti gbé e, kò lọ. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wú mọ́ mi láyà, ó wú mọ́ mi nítan, mo di àpò. Mo ki ìka bọ rọ́bà ọrùn kí n lè ya á kí afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n iṣẹ́ fọkanáísà Takie dára ju ìyẹn lọ, ìka kò wọlé. Níkẹyìn mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, mo ká ọwọ́ òsì sókè láti ìgúnpá, torí òkè apá nìkan ni okùn dè, mo sì fi ìka rẹ̀ fa rọ́bà tó fún ọrùn ọwọ́ ọ̀tún náà sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ hó jáde níbẹ̀, omi sì ya wọlé. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mò ń kígbe sínú omi, kì í ṣe pé ẹ̀rù bà mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù bà mí. Ẹni tó bá ń kígbe kò lè sé èémí. Ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn ló gba ẹ̀dọ̀fóró mi là. Kò gba etí. Nǹkan kan dún pọ́ nínú etí òsì mi, kékeré báyìí, ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Bàbá fà mí gun ilẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní, "Alága dé. Bàbá ìyàwó wọn ni wọ́n mú wá. Kí àgbà bẹ́ẹ̀ dé, kí o wà nísàlẹ̀, kí o má jáde wá kí wọn? Mo kọ̀ kí wọ́n pè ọ́ ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́."

Ẹnikẹ́ni kò pè mí. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé bàbá arúgbó náà, àlùfáà jẹ́jẹ́ kan láti Ọ̀yọ́, kàn béèrè pé níbo ni ẹni tó ń wọ omi wà ni. Bàbá ni ojú tì nítorí mi. Mo fẹ́ dìde kí n bú u, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń yí, mo ṣubú, mo dojú bolẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ wọn, èébì sì ń gbé mi. Mo gbọ́ ohùn arúgbó náà lókè orí mi pé, "Ó tó, ó tó. Dìde, ọmọ dáadáa. Ìdọ̀bálẹ̀ yìí ti tó." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi. Alága ṣe àmín. Bàbá ṣe àmín tó ròkè jù.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní etí náà kò ní gbọ́ràn mọ́, n kò sì gbọdọ̀ wọ omi mọ́ láéláé. Bí iṣẹ́ mi ṣe lọ nìyẹn. Mo padà s'Ọ̀yọ́, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà ìkunlé. Ohun tó wá dùn mí ju etí lọ ni ìtàn tí Bàbá ń sọ kiri. Ó ní mo jáde tí mò ń bì, tí n kò lè dúró, pé bí kì í bá ṣe pé òun yára fà mí, ǹ bá ti kú. Gbogbo èèyàn gbà á gbọ́, òun náà sì gbà á gbọ́. Ìyá mi ru iṣu lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo ní màá lọ sọ òótọ́ fún un, ìyá mi ní kí n má dán an wò. Ó ní, "Àgbà tó ń fi í yangàn pé ẹnì kankan ò kú sí òun lọ́wọ́, o fẹ́ lọ sọ fún un pé ó sọ ọ́ di adití? Fi í sílẹ̀." Mo fi í sílẹ̀. Mo ń kí i, mò ń dọ̀bálẹ̀ fún un.

Bí ọdún márùn-ún ti kọjá, àwọn aládùúgbò kó ẹjọ́ mi jọ, wọ́n ní n kì í dáhùn ìkíni mọ́. Ta ni wọ́n wá kó o tọ̀ lọ, kó lè bá mi wí? Bàbá. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé àpótí, ó sì jókòó. Mò ń ka gálọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Nígbà tí mo yíjú, mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó sì dájú pé ó ti pẹ́ tó ti ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ òsì mi ló jókòó sí.

Mo ní, "Bàbá, n kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí ẹ sọ."

Ó ní, "Ṣé o rí i? Ohun tí wọ́n ń wí náà nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ilé dà?"

Nǹkan já nínú mi. Mo ní, "Etí yìí kò gbọ́ràn, Bàbá. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fi eré fà mí jáde pé kí n wá kí àlejò."

Ó wò mí. Ó wo etí náà. Ó dìde, ó gbé àpótí rẹ̀ yípo kántà, ó wá jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún mi.

Ó ní, "Afẹ́fẹ́ tí o máa ń sọ nígbà náà. Báwo lo ní ó ṣe ń wú?"

Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi bọ́ lójú mi. Okùn ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ mi, ìgbà yẹn ló tó fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ fún un. Mo fi ọ̀rá kan tí mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ṣe àpẹẹrẹ, mo fi hàn án bó ṣe ń fún pọ̀ nísàlẹ̀, bó ṣe ń wú bí ó bá ń bọ̀ lókè, àti ìdí tó fi jẹ́ pé jẹ́jẹ́ ni. Kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó ní, "Ó yé mi," ó sì mú ọ̀pá rẹ̀ ó lọ.

Ó ṣì máa ń wá kí mi títí ó fi kú, ọwọ́ ọ̀tún ló sì máa ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ pé ẹnì kankan kò kú sí òun lọ́wọ́.